Ìhà Òsì Àgùntàn

Èèpo ẹ̀gẹ́ ni mò ń sá lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ dẹlẹgẹ́ wọ ọgbà. Mo ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ níbi tí oòrùn ti mú jù, mo ń fi ọwọ́ tú èèpo náà ká kí ọ̀kan má baà bo èkejì mọ́lẹ̀, torí èyí tó bá wà lábẹ́ kò ní gbẹ, èyí tí kò bá sì gbẹ ṣì ní májèlé nínú. Bí mo ti gbọ́ ìró ọkọ̀ náà, ọwọ́ mi dúró. N kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láyé ìgbà náà, kò dìgbà tí èèyàn bá ṣẹ̀ kí àyà rẹ̀ tó já bó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ìjọba.

Oko ìjọba ni ibẹ̀, lẹ́bàá Avrankou, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Àgùntàn la ń sìn níbẹ̀, oúnjẹ wọn sì ni iṣẹ́ mi. Àwọn ológun ti gba ìjọba Dàhòmì, wọ́n ní gbogbo nǹkan ti yí padà; ohun tí Ehuzu tí gbogbo ènìyàn ń pariwo kiri túmọ̀ sí náà nìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí lórí wa ní oko ni à ń pè ní dẹlẹgẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti ṣe tíṣà rí ni, ọmọ Gún, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Nàgó, Yorùbá ìhà ibẹ̀, dáadáa. Ó máa ń lọ ẹ̀wù rẹ̀ títí ìlà apá rẹ̀ á fi mú bí ọ̀bẹ.

"Kámáráádì!" Ó pè mí láti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. "Ọ̀gá ológun kan ń bọ̀ láti Kútọnu lọ́la. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ wa."

Mo ti kúnlẹ̀ kí n tó rántí.

"Ẹ dìde, ẹ dìde! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo fẹ́ sọ ọ́? Ẹnì kankan kì í kúnlẹ̀ fún ẹnì kankan mọ́ nílẹ̀ yìí."

"Ẹ má bínú, sà. Orúnkún mi ni kò tíì gbọ́."

Bàbá Dòsú, àgbà darandaran wa, tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, bú sẹ́rìn-ín. Dẹlẹgẹ́ kò rẹ́rìn-ín.

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí. Mo ka ìwé dé ilé ẹ̀kọ́ girama, mo sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà pípẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oúnjẹ ẹran. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí kò sí ọmọ láàárín wa, ilé tí a jọ ń gbé di ilé àwọn ẹbí rẹ̀. Wọn kò lé mi. Wọ́n kàn ń gbé ẹrù wọn wọlé díẹ̀ díẹ̀ títí kò fi sí ibi tí mo lè tẹ́ ẹní mi sí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lọ́kọ sí Àjàṣẹ́ ló ránṣẹ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó mọ̀ nípa oúnjẹ ẹran. Mo lọ.

Mo rò pé èdè Faransé ni yóò kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Kì í ṣe òun. Bí àwọn èèyàn ṣe ń pa ẹnu mọ́ ni. Ní Houinmè, àdúgbò Àjàṣẹ́ tí mo gba yàrá sí, ọ̀dọ̀ opó arúgbó kan ni mò ń gbé, ọmọ Àgùdà tí àwọn baba rẹ̀ ti Bùràsíìlì padà wá. Yàyá ni gbogbo wa ń pè é, bí àwọn Àgùdà ṣe ń pe ìyá àgbà. Nírọ̀lẹ́, tí rédíò bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìjọba, Yàyá á gbé tirẹ̀ sójú fèrèsé, á yí ohùn rẹ̀ sókè títí yóò fi máa hó.

"Yàyá, ṣé etí yín kò gbọ́ dáadáa ni?" Mo bi í léèrè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

"Etí tèmi gbọ́, ọmọ mi. Etí aládùúgbò ni mò ń yí i fún."

Ọkùnrin kan wà tó ń ránṣọ ní iwájú ilé wa. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó pa mí lẹ́rìn-ín ní ìlú náà. Ní ọjọ́ kan ó fi ìpàdé àdúgbò ṣe ẹ̀fẹ̀, ọ̀rọ̀ kékeré lásán. A kò rí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó padà dé, ó ń ránṣọ bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń dáhùn bí a bá kí i, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín mọ́, a kò sì bi í léèrè ibi tó lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó jẹ́ kó jáde lẹ́nu mi, pàápàá torí pé bí mo bá la ẹnu, gbogbo ènìyàn á ti mọ̀ pé n kì í ṣe ará ibẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mo máa ń lọ sí pọ́ọ̀sì, ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn, láti pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí tẹlifóònù wà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Èèyàn á jókòó títí, wọn á wá pe orúkọ rẹ̀, á wọ inú àpótí onígíláàsì. Ẹni tó ń so wáyà pọ̀ wà ní ìta, ó kọjú sí mi, n kò sì mọ̀ bóyá òun náà ń gbọ́.

"Ṣé wọn kò fìyà jẹ ọ́ níbẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n mi á máa pariwo bí ẹni tó ń pè mí láti òdìkejì odò. "Mo ní, ṣé ọkàn rẹ balẹ̀?"

"Àwọn àgùntàn ń jẹun, bọ̀dá mi."

"N kò béèrè àgùntàn lọ́wọ́ rẹ!"

"Wọ́n ń jẹun dáadáa."

Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ti yé e. Láti oṣù náà lọ, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àgùntàn ńkọ́?" Bí mo bá ní wọ́n ń jẹun, á lọ sọ fún ìyá wa pé ara mi le. Bí mo bá jáde ní pọ́ọ̀sì, màá rìn lọ sí etí ọ̀sà, màá dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ mi á fi gbàgbé pé mo fẹ́ máa rìn lọ sílé.

Bàbá Dòsú ló kọ́kọ́ gbà mí mọ́ra ní oko. Kò mọ̀wé, ó sì fẹ́ gbọ́ ohun tí ìwé sọ nípa ẹran tó ti ń dà láti kékeré. Mo sọ fún un pé ìwé ní ikùn àgùntàn jẹ́ mẹ́rin.

"Mẹ́rin! Abájọ! Èmi tí mo ní ẹyọ kan péré, ìyàwó mi ní mò ń jẹ ilé run."

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún un níjokòó, bí wọ́n ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Koríko tí àgùntàn bá já kì í jẹ ẹ́ kúnná lójú ẹsẹ̀. Á gbé e mì wọ inú ikùn tó tóbi jù, èyí tí àwọn alápatà ń tà ní ṣàkì. Lẹ́yìn náà á dùbúlẹ̀ níbi ibòji, á máa dá a padà sẹ́nu ní ìṣù kékeré kékeré, á máa jẹ àpọ̀jẹ. Ikùn kejì rí bí afárá oyin. Ẹ̀kẹta ní ìpele ìpele bí ìwé, ibẹ̀ ló ti ń fún omi inú oúnjẹ. Ẹ̀kẹrin nìkan ló dà bí tiwa, tó ní omi kíkan.

Ṣùgbọ́n àgùntàn fúnra rẹ̀ kò lè da koríko. Àwọn ẹ̀dá tín-ín-tìn-ín tí ojú kò lè rí ló kún inú ikùn ńlá náà, àwọn ló ń bá a fọ́ ọ. Nígbà tí a bá rò pé a ń bọ́ àgùntàn, àwọn là ń bọ́. Àwọn ló ń bọ́ àgùntàn. Oúnjẹ tí a bá fún wọn lójoojúmọ́ ni wọ́n mọ̀. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, díẹ̀ díẹ̀ ni, kí èyí tó fẹ́ràn oúnjẹ tuntun náà ráyè pọ̀ sí i. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀ lójijì, ọ̀pọ̀ wọn á kú, àwọn tó kù á sọ ikùn di kíkan, afẹ́fẹ́ á sì há sínú.

"Àlejò ni wọ́n, àbí onílé?" Bàbá Dòsú béèrè.

A kì í bí wọn mọ́ àgùntàn. Láti ẹnu ìyá rẹ̀ àti láti orí koríko ló ti ń kó wọn. Síbẹ̀ kò lè wà láìsí wọn. Mo máa ń ro ìbéèrè náà bí mo bá ń padà lọ sí Houinmè nírọ̀lẹ́. Mo ti ń ra ata ní èdè Gún nígbà náà láìsí pé ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín, mo sì ti mọ ilé tí wọ́n ti ń dín àkàrà tó dùn jù. Ṣùgbọ́n n kò tíì mọ̀ bóyá ìlú náà ti ń dà mí, tàbí ó kàn gbé mi mì ni.

Bàbá Dòsú náà kọ́ mi ní tirẹ̀. Ó mú ọwọ́ mi, ó di í ní ìkúùkù, ó gbé e lé ìhà òsì àgbò kan, níbi kòtò tó wà lẹ́yìn egungun ìhà tó kẹ́yìn. "Dúró," ó ní. "Má tẹ̀ ẹ́ jù." Mo dúró. Láìpẹ́ ikùn náà yí lábẹ́ ọwọ́ mi bí ẹni tó ń sùn tó yíra padà. "Bó bá ń yí báyìí, ara rẹ̀ le. Bó bá le gbandi, tó ń dún bí ìkòkò òfìfo, ẹ sáré." Ó ní ọmọ darandaran nìkan ló ń mọ ibẹ̀. Àwọn yòókù, orí ni wọ́n máa ń fọwọ́ pa.

Ní ọjọ́ tí dẹlẹgẹ́ wá sọ pé àlejò ń bọ̀ yìí, ó rìn yí ọgbà ká, ó wo àwọn ẹran, ó fajú ro.

"Ẹ̀gbẹ́ wọn wọnú. Ọ̀gá á ní ebi ń pa oko wa. Ẹ da àgbàdo fún wọn."

Ní Avrankou, bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, wọ́n máa ń fún ẹran ilé ní àgbàdo ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú, kí àlejò má baà rí ẹran tí ikùn rẹ̀ kò kún nínú ọgbà wọn. Bàbá Dòsú náà mi orí pé bó ṣe yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ilé, ẹ̀kúnwọ́ ni, fún ewúrẹ́ tó ti ń ṣa àgbàdo nídìí ọlọ láti kékeré. Àwọn tiwa kò mọ àgbàdo rí. Koríko àti èèpo gbígbẹ ni wọ́n mọ̀.

"Sà," mo ní, "ẹ jẹ́ ká fún wọn díẹ̀, ká fi koríko lé e."

"Kámáráádì, àgbàdo yìí, ọwọ́ àwọn ará ìlú ló gbìn ín ní oko àjùmọ̀ṣe. Ṣé ẹ fẹ́ kí àlejò rí i nínú àpò ni, àbí kó rí i lára ẹran?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. N kò ní ohùn tó ga ju àtẹ́wọ́ lọ. Wọ́n tú àpò dà sínú ọpọ́n, àwọn àgùntàn sì sáré bò ó bí ẹni tí a kò fún lóúnjẹ rí láyé. Ó dùn wọ́n gan-an. Mo ń wò wọ́n.

Nígbà tí mo dé oko ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Dòsú ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Kò kí mi. Ó kàn nawọ́. Àwọn àgùntàn dùbúlẹ̀ káàkiri, kò sí èyí tó ń jẹ àpọ̀jẹ. Wọ́n ń payín keke, ìró rẹ̀ sì pọ̀ bí ẹni ń fi òkúta gún òkúta. Ìhà òsì wọn ti yọ sókè. Abo kan ti kú.

Dẹlẹgẹ́ dé lẹ́yìn mi. Ó wo abo tó kú náà.

"Kí ni wọ́n jẹ?"

"Àgbàdo ni, sà."

"Ẹnì kankan kò gbọdọ̀ dárúkọ àgbàdo lónìí." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àgbàdo oko àjùmọ̀ṣe kì í pa ẹran." Ó yíjú sí orí ẹní mi. "Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé májèlé wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́."

"Èyí tí kò gbẹ ni, sà. Ẹ mọ̀ pé mo máa ń sá a."

"Bí wọ́n bá béèrè, èèpo ni." Bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ kan ti tú, ó ń gbìyànjú láti dè é, kò rí i dè. "Mo ní ìyàwó, mo ní ọmọ tó ṣì ń mu ọmú. Ẹ̀yin, ẹ ní ìlú tí ẹ lè padà sí."

"Bí wọ́n bá jẹ́ kí n padà."

Lójoojúmọ́ ni rédíò ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tó ń ba iṣẹ́ ìjọba jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, àwọn tí ilẹ̀ òkèèrè rán wá. Mo ro obìnrin tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè, tó ń bọ́ ẹran ìjọba ní èèpo tó ní májèlé. Bí mo bá gbọ́ ìtàn rẹ̀ lórí rédíò, èmi náà ìbá gbà á gbọ́.

Ìbẹ̀rù kò jẹ́ kí n jókòó. Mo ní kí wọ́n sáré wá káún, èyí tí àwọn Gún ń pè ní akanwu, tí a fi ń se ẹ̀wà, torí òun ló ń pa kíkan. Mo lọ̀ ọ́, mo pò ó mọ́ omi àti òróró ẹ̀pà, mo ń rọ ọ́ sí wọn lẹ́nu láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀ díẹ̀ kó má baà gba ọ̀nà èémí. Bàbá Dòsú ń gbé ẹsẹ̀ iwájú wọn lé orí ebè kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí àgbò ńlá kọ́kọ́ gùnfẹ̀, òórùn rẹ̀ bò mí lójú, ó kan bí ògì tó ti pẹ́, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n a kò tíì dé ìdajì wọn nígbà tí a gbọ́ orin àwọn ọmọ ilé ìwé ní ojú títì. Àlejò ti dé.

"Òkú yìí ńkọ́?" mo ní.

Bàbá Dòsú fa abo tó kú náà dé orí ẹní, ó sì wọ́ èèpo ẹ̀gẹ́ mi bò ó.

Ọ̀gá ológun náà ga, kò sanra, ó sì yọ awò dúdú rẹ̀ kúrò kó tó wọ inú ọgbà. Dẹlẹgẹ́ ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní Faransé, kíákíá, bí ẹni tó ń sá fún òjò. Ìwọ̀nba tí mo gbọ́ ni pé ẹ wo bí wọ́n ṣe yó. Òótọ́ ni pé ikùn wọn yọ. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹran tó sanra jù nílẹ̀ náà nìyẹn. Àwọn ará abúlé ń pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá náà dé ọ̀dọ̀ àgùntàn kan tí a kò tíì fún ní káún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. N kò retí nǹkan kan. Mo rò pé yóò fọwọ́ pa á lórí. Ó di ọwọ́ ní ìkúùkù, ó gbé e lé ìhà òsì, níbi kòtò tó wà lẹ́yìn egungun tó kẹ́yìn. Ó dúró. Kò tẹ̀ ẹ́ jù.

Mo wo Bàbá Dòsú, òun náà ti rí i, ó ń wo ilẹ̀.

Ọ̀gá náà dìde. Ó gba iwájú ọpọ́n kọjá, ó wo inú rẹ̀, hóró àgbàdo kan ṣì lẹ̀ mọ́ igun rẹ̀. Ó ń bọ̀ tààrà sí orí ẹní. Èmi ni mo dúró sẹ́bàá ẹní náà, eṣinṣin sì ti ń kùn lórí èèpo. Ìgbà náà ni mo rí i: pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn abo tó kú yọ síta níbi igun ẹní, dúdú, ó mọ́ kedere.

"Kí lèyí?" Ọ̀gá béèrè ní Faransé.

"Èèpo ẹ̀gẹ́ ni, kámáráádì," dẹlẹgẹ́ sọ. "Kámáráádì obìnrin yìí ló ń sá a. Ará Nàìjíríà ni. Òun ló ń bọ́ àwọn ẹran."

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe gbé mi kalẹ̀ fún wọn. Kò parọ́ kankan. Ó kù kí ẹnì kan wá gbé mi lọ.

Ọ̀gá náà wo igun ẹní náà. Lẹ́yìn náà ó sún ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ dúró dáadáa, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ bàtà rẹ̀ ti èèpo díẹ̀, pẹ̀lẹ́, títí ó fi bo ohun tó yọ síta náà. Ó yíjú sí àwọn èèyàn, ó gbé ohùn sókè.

"Àwọn ẹran yìí jẹun! Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin kámáráádì!"

Àtẹ́wọ́ bo gbogbo ọgbà, àwọn ọmọ ilé ìwé tún gbé orin. Dẹlẹgẹ́ ń pàtẹ́wọ́, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Èmi kò lè pàtẹ́wọ́. Orúnkún mi kò dúró dè mí rárá; mo ti wà nílẹ̀ níwájú ọkùnrin náà, lórí ìkúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní Abẹ́òkúta. Ó yára bẹ̀rẹ̀ láti gbé mi dìde, ó di apá mi mú. Nínú ariwo orin náà, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí mi, Nàgó ìhà Kétu ló fi sọ ọ́.

"Ẹ tètè fún àwọn tó kù ní káún, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni pé mo mọ̀ pé àgbàdo ni."